Ta Ló Ń Kọ́ Ọ̀gá Ogun? Ojúgbà Rẹ̀ Náà Ni

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ̀gá ológun la fẹ́ sọ lónìí, àti iṣẹ́ tí ojúgbà ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé olùkọ́ tó ń jágbe mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń sọ ọ́ di ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká wo NDA ní Kàdúná, ilé-ẹ̀kọ́ ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ọdún márùn-ún ni ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá ṣọ́jà ń lò níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á bá ọmọ Borno pàdé; wọn ò mọra rí. Wọ́n á jọ sáré, ebi á jọ pa wọ́n, wọ́n á jọ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé yìí ni ṣọ́jà ń pè ní coursemate.

Kí ni ojúgbà ń ṣe tí olùkọ́ ò lè ṣe? Àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi àárẹ̀ pamọ́ fún ọ̀gá. Ojúgbà tí wọ́n jọ ń sùn ló ń gbọ́ bó ṣe ń mí kanlẹ̀ lóru. Èkejì, o ò láṣẹ lórí ojúgbà rẹ. Tó o bá fẹ́ kó tẹ̀ lé ọ, àfi kó o jẹ́ ẹni tó ṣeé tẹ̀ lé. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fún ara wọn ní máàkì ní Ranger School àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá ní o kì í ranni lọ́wọ́, o lè fìdí rẹmi, bó o tiẹ̀ lágbára bí ẹfọ̀n.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì nílé wa. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́, mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì kọ̀ọ̀kan. Akin ló ń sọni di Ẹ̀ṣọ́, oyè náà kì í ṣe ogún baba. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí wọn, oyè tí Tóyèjẹ jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lójú tèmi, láàárín ẹni mẹ́wàá, ojo ò ríbi sá pamọ́ sí.

Àmọ́ o, bíbo àṣìṣe ara wa mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́ ṣíṣọ́ lónìí, tó o bò ó, lè sùn lójú ogun lọ́la, kí ọ̀tá sì ká gbogbo yín mọ́. Jí i, bá a wí, kó o sì bá a ṣọ́nà díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù NDA, ẹ rántí èyí.