Kí ẹ tó náwó lé ìròyìn eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹni tó ń jèrè níbẹ̀

Bí ẹ bá ní ilé oúnjẹ tàbí ṣọ́ọ̀bù irun nítòsí yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, ẹ lè sanwó fún agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ kó máa polówó ọjà yín. Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje, ọdún 2021 ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó eré ìdárayá láwọn yunifásítì níbẹ̀, gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán wọn pawó. Àtìgbà náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fáwọn oníṣòwò kéékèèké, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tajà nílùú bíi Houston.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ló ń sọni di olókìkí, òkìkí ló sì ń mú kí owó èèyàn ga. Bí ìròyìn bá pọ́n ẹnìkan ju bó ṣe yẹ lọ, owó oníṣòwò ló máa wọgbó.

Ta lowó rẹ̀ wà níbẹ̀?

Lọ́dún 2011, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ESPN àti Yunifásítì Texas fọwọ́ síwèé àdéhùn ogún ọdún, 300 mílíọ̀nù dọ́là, láti dá Longhorn Network sílẹ̀. Eré ìdárayá Texas nìkan ni iṣẹ́ ìkànnì náà, bẹ́ẹ̀ ESPN kan náà ló ń ròyìn Texas àtàwọn alátakò rẹ̀ fáráyé. Ìkànnì náà kógbá sílé lọ́dún 2024, nígbà tí Texas wọ líìgì SEC. Ọdún yẹn náà ni ẹ̀tọ́ láti gbé ìdíje bọ́ọ̀lù SEC sáfẹ́fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ESPN nìkan. Fox náà ní ìpín tirẹ̀ nínú Big Ten Network, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Síbẹ̀, èyí ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. ESPN wà lára àwọn tó ròyìn ọwọ́ yẹpẹrẹ tí Yunifásítì Baylor fi mú ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tí wọ́n fi kan àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì wọn lọ́dún 2016. Bẹ́ẹ̀ owó ESPN wà nínú líìgì tí Baylor ń gbá.

Irọ́ tí wọ́n jọ gbé kiri

Lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2012, ìròyìn gbòde pé ìyá àgbà Manti Te'o, agbábọ́ọ̀lù Notre Dame, àti olólùfẹ́ rẹ̀ kú tẹ̀léra. Àwọn ilé ìròyìn ńláńlá gbé e. Sports Illustrated gbé àwòrán Te'o sójú ìwé àkọ́kọ́. Ipò kejì ló gbà nínú ìdìbò àmì-ẹ̀yẹ Heisman.

Lọ́jọ́ 16, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2013, Deadspin tú u síta pé kò fìgbà kan sí ọmọbìnrin náà rí. Ìyá àgbà kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ló ń tan Te'o jẹ lórí fóònù. Kí ni Deadspin ṣe? Wọ́n wá àkọsílẹ̀ ikú, wọn ò rí i. Wọ́n béèrè ní Yunifásítì Stanford, níbi tí wọ́n ní ó ti kàwé, wọn ò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ilé ìròyìn mẹ́wàá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí kan péré ni wọ́n. Oníṣòwò wo ló máa ra ọjà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàtà nìkan?

Ìròyìn tó bí oníbàárà nínú

Lọ́dún 1985, ìwé ìròyìn Lexington Herald-Leader, tí àwọn olólùfẹ́ Yunifásítì Kentucky pọ̀ lára òǹkàwé rẹ̀, kọ ọ́ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ibẹ̀ ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn alátìlẹ́yìn. Ẹnu àwọn agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀rí fúnra wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Inú bí àwọn òǹkàwé, ọ̀pọ̀ ò ra ìwé náà mọ́. Lọ́dún 1986, ìròyìn náà gba ẹ̀bùn Pulitzer. Ìròyìn tó lè pa ẹni tó kọ ọ́ lówó, tó sì lẹ́rìí, ṣeé gbára lé ju èyí tó ń tajà fún un lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè

Èkíní, ta ló gbé e jáde? Ìkànnì yunifásítì fúnra rẹ̀, ìpolówó ni. Èkejì, ta ló sọ ọ́, ṣé ó dárúkọ ara rẹ̀? Ẹ̀kẹta, àkọsílẹ̀ wo ló wà nílẹ̀: iye ìdíje tó gbá, iye góńgó tó jẹ? Ẹ̀kẹrin, kí ni ìwé ìròyìn ìlú alátakò sọ nípa rẹ̀?

Oníṣòwò tó bá ń tẹ́tí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kó rántí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àpò ara rẹ̀ ló máa ṣìkà sí.