Ìlọrin Lórí Òkun, Ọ̀ṣun Nínú Ilé Ìwé

Nínú ìwé Tomi Adeyemi tí wọ́n ń pè ní Children of Blood and Bone, ìlú apẹja ni Ìlọrin. Ojú òkun ló léfòó sí, ìgbì a sì máa mi àwọn ahéré rẹ̀. Orí òkè ni Ìbàdàn wà ní tirẹ̀. Èkó ni olú ìlú, ibẹ̀ ni Ọba Saran ti ń pàṣẹ. Ọmọ Pàkátà ní Ìlọrin tó bá ṣí ìwé yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, tó mọ bí òkun ṣe jìnnà sí ìlú òun tó, yóò dáwọ́ kíkà dúró ná. Ẹlòmíì tilẹ̀ lè pa á dé níbẹ̀, kó ní ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ilé.

Irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ yára jù. Nàìjíríà kọ́ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ àfinúrò kan tó ń jẹ́ Orïsha ni, tó yá orúkọ àwọn ìlú wa lò, tó sì tún wọn tò bó ṣe wu òǹkọ̀wé. Zélie, ọmọ apẹja, ni ìtàn náà rọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ní agbára òrìṣà tí Ọba Saran pa run. Òun àti Tzain ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú Amari ọmọ ọba tó sá kúrò láàfin, wá gbéra láti dá agbára náà padà. Inan, àrẹ̀mọ ọba, ń lépa wọn. Ibi tí ó ti ń lé wọn náà ni ìfẹ́ ti wọ àárín òun àti Zélie.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá kíyè sí ju ipò Ìlọrin lọ ni bí wọ́n ṣe kọ orúkọ àwọn òrìṣà. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì di Oxosi níbẹ̀, Òṣùmàrè di Ochumare. Ayao wà láàárín wọn, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Lukumí ní Kúbà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àbúrò Ọya. Chândomblé ni wọ́n pe ilé òrìṣà tó wà nínú ìtàn náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Adeyemi sí ní ọdún 1993, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Àmọ́ ìlú Salvador ní Bràsíl, níbi tó lọ ṣe ìwádìí lẹ́yìn tó jáde ní Harvard, ló ti fojú kan àwòrán àwọn òrìṣà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ọkàn rẹ̀ sì fà mọ́ wọn. Àwọn òrìṣà tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ẹrú kúrò létí òkun wa ló pàdé lọ́hùn-ún. Àmì ìrìn àjò náà ló wà lára orúkọ wọn. Ẹni tó bá mọ èyí, inú kò ní bí i sí àkọtọ́ náà mọ́, àánú ni yóò ṣe é.

Ibi tí ìwé náà ti lágbára jù ni ibi tí orúkọ ti bá ìwà mu. Ọya ló ni Zélie, òkú ni agbára ọmọbìnrin náà sì wà lé lórí: a máa pe ẹ̀mí àwọn tó ti lọ jáde láti inú ilẹ̀. Yorùbá tó mọ okùn tó so Ọya pọ̀ mọ́ egúngún yóò rí i pé òǹkọ̀wé kò fi orúkọ ṣe ọ̀ṣọ́ lásán níhìn-ín. Ìwé náà jáde ní 2018, ó gba ẹ̀bùn Lodestar ní 2019, ó sì tọ́ sí i. Ìkejì tẹ̀ lé e ní 2019 náà. Ìkẹta, tó jáde ní 2024, kò tó wọn. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀ àwọn ọ̀tá lọ sí ilẹ̀ mìíràn, eré ló sì ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí Zélie ṣe kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni adùn náà ń jò dànù.

Àwọn òǹtẹ̀wé òkè òkun ti fún irú àdàpọ̀ ìfẹ́ àti àràmàǹdà báyìí lórúkọ: romantasy. Ọjà rẹ̀ ń tà wàràwàrà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Onyx Storm tí Rebecca Yarros kọ ta ẹ̀dà mílíọ̀nù 2.7 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ náà, Fourth Wing ti ọdún 2023, sọ ìtàn Violet, ọmọbìnrin tí egungun rẹ̀ kò lágbára, tí wọ́n fi tipátipá rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ogun níbi tí wọ́n ti ń gun dírágónì. Ó wá fẹ́ràn Xaden, ọmọ ọkùnrin tí wọ́n pa nítorí ọ̀tẹ̀. Ìyá Violet sì lọ́wọ́ nínú ikú bàbá náà.

Zélie àti Inan kọ́ nìyí? Ohun kan náà ni. Òǹkàwé Yorùbá sì ní irinṣẹ́ tó lè fi wọn ìtàn bẹ́ẹ̀, torí pé kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìyàwó nílẹ̀ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ẹbí ń béèrè ni pé, ọmọ ta ni? Orí ìdáhùn tó burú jù lọ sí ìbéèrè yẹn ni irú àwọn ìwé yìí dúró lé. Yarros fi sùúrù kọ́ ọ, ó jẹ́ kí ìkórìíra náà pẹ́ kó tó yọ́. Adeyemi ni kò ní sùúrù tó. Zélie àti Inan bá ara wọn pàdé lójú àlá nígbà mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọbìnrin náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ìyẹn ṣòro láti gbà.

Àdàpọ̀ tí wọ́n ń pè ní tuntun yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1952 ni The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ìtàn ọmọbìnrin tó rí ọkùnrin arẹwà kan lọ́jà tó sì tẹ̀ lé e wọ inú igbó wà níbẹ̀. Yíyá ni ọkùnrin náà yá ẹ̀yà ara rẹ̀. Ó ń dá wọn padà fún olówó wọn lójú ọ̀nà títí tó fi ku agbárí lásán. Nínú Àdììtú Olódùmarè, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1961, lẹ́tà ìfẹ́ ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Àdììtú àti Ìyùnadé, àwọn ẹni tó sì ti ka ìwé náà nílé ẹ̀kọ́ kì í gbàgbé wọn.

Àmọ́ nǹkan kan wà tó ti yí padà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti ọdún 1938, obìnrin tó fẹ́ràn Kàkó di mọ́ ọn pé kò ní fi òun sílẹ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó. Kàkó fi àdá pa á, ó sì bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Ìdènà lójú ọ̀nà ni ìfẹ́ jẹ́ fún ọdẹ. Lónìí, ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ni ọdẹ, ọ̀pá wà lọ́wọ́ Zélie, kò sì sẹ́ni tó ní kó yan ọ̀kan nínú ogun àti ìfẹ́. Àyípadà yìí nìkan tó kí èèyàn fi ra àwọn ìwé náà.

Bolu Babalola gbé e lọ síwájú sí i. Ọmọ Yorùbá ni, Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí. Ní 2020 ló tẹ Love in Colour, níbi tó ti tún àwọn ìtàn ìfẹ́ àtijọ́ pa láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Ọ̀ṣun di akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀kan nínú wọn, olúwẹ̀ tí gbogbo ojú ń wò. Ṣàngó ni ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, gbajúmọ̀ tó fẹ́ràn ariwo, kí Erinlẹ̀ tó dé tó wò ó bí ènìyàn. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rẹ́rìn-ín ayọ̀, nítorí pé ìwà wọn kò yí padà: Ṣàngó ṣì ń jó bí iná, odò méjì ló sì pàdé ara wọn nígbà tí Erinlẹ̀ dé.

Ìwé rẹ̀ ti ọdún 2022, Honey & Spice, kò ní òrìṣà kankan nínú. Kiki Banjo, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe ètò orí rédíò tó fi ń kìlọ̀ fáwọn ọmọbìnrin nípa àwọn ọkùnrin ẹlẹ́tàn. Ó dárúkọ Malakai Korede láàárín wọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí òun alára níbi tó ti ń fẹnu ko Malakai lẹ́nu. Ẹni tó bá ka Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 kò ní ṣàìrántí Àjàní, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ní Yunifásítì Ìbàdàn: ọgbà ilé ìwé, ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu, orúkọ tó ń bàjẹ́ kíákíá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹkún ni Ó Le Kú parí sí. Ẹkún náà ni ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí I. B. Thomas ń tẹ̀ sínú Akéde Èkó ní 1929 àti 1930, níbi tí obìnrin tó gbádùn ìfẹ́ ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fáráyé nínú àìsàn. Òfin ìtàn ìfẹ́ ti ayé òde òní ni pé ayọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn kan ń bú òfin yìí pé ọmọdé ló wà fún. Síbẹ̀, ó tó nǹkan kí ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Banjo nífẹ̀ẹ́, kó ṣàṣìṣe, kí ìwé sì parí láìjẹ ẹ́ níyà.

Wole Talabi gba ọ̀nà mìíràn ní 2023. Ṣìgìdì, amọ̀ tí wọ́n ń rán sí ọ̀tá lóru, ni akọni ìwé rẹ̀. Òun àti Nneoma olólùfẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n gbé nínú British Museum. Orí Ifẹ̀ kan tí wọ́n hú nílẹ̀ Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 wà nínú ilé náà lóòótọ́, ìdí nìyí tí olè jíjà inú ìtàn yìí fi ń dun òǹkàwé bí ẹ̀tọ́. Natasha Bowen ní tirẹ̀ kọ Skin of the Sea ní 2021: Simidele, tí Yemọja sọ di Mami Wata, ń gba ẹ̀mí àwọn tó kú sínú òkun láti inú ọkọ̀ ẹrú, títí ó fi rí ọmọkùnrin kan tó ṣì wà láàyè. Nínú gbogbo àwọn ìwé yìí, òun ló fi ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀ jù sílẹ̀ lọ́kàn, nítorí pé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi ló gbé e ró.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo àwọn ìwé tuntun yìí. Yorùbá pátá ni ọfọ̀ Zélie, ojú ìwé sì lè bo àṣìṣe ohùn mọ́lẹ̀, torí pé ẹni tí kò gbédè yóò kàn fò ó. Sinimá tí Gina Prince-Bythewood darí láti inú ìwé Adeyemi kò ní ní irú ìbòjú bẹ́ẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027 ni wọ́n dá fún un. Thuso Mbedu, ọmọ South Africa, ni Zélie, òun ni yóò la ẹnu pe àwọn òkú Ọya ní Yorùbá. Àwọn tó mọ dò, re, mí wa yóò ti jókòó síwájú, wọn yóò tẹ́tí.