Ẹni Tó Gba Ìtọ́jú Onítànṣán Ní Àyà, Kó Má Gbàgbé Ọkàn

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí.

Bí jẹjẹrẹ bá mú obìnrin ní ọmú, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà sábà máa ń fi ìtànṣán pa ìyókù rẹ̀. Ìtọ́jú tó ń gba ẹ̀mí là ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ wa yìí sá fún un. Ṣùgbọ́n ọkàn kò jìnnà sí ọmú, pàápàá ti òsì, ìtànṣán díẹ̀ sì lè kàn án. Ó lè mú kí òpójẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn há, kí àwọn ilẹ̀kùn inú rẹ̀ le, tàbí kí awọ tó bò ó nípọn.

Kì í sábà fi ara hàn kíákíá. Ní 2013, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin ilẹ̀ Sweden àti Denmark tó gba ìtọ́jú yìí láàrin 1958 sí 2001. Bí ìtànṣán tó kan ọkàn ṣe pọ̀ tó ni ewu àrùn òpójẹ̀ ọkàn ṣe pọ̀ tó. Ewu náà bẹ̀rẹ̀ láàrin ọdún 5 àkọ́kọ́, ó sì ń bá a lọ fún 20 ọdún, ó kéré tán.

Lóde òní, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n a ní kí aláìsàn mí kanlẹ̀ kí ó sì sé èémí díẹ̀, kí ọkàn lè sún kúrò lọ́nà ìtànṣán.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, ẹni tó ti gba ìtọ́jú náà, ìbáà ṣe ọdún 15 sẹ́yìn, kí ó sọ ọ́ fún dókítà tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì, kí ó tọ́jú ìwé ìtọ́jú rẹ̀ bí a ti ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ó máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, kí ó sì jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ̀kẹrin, bí mímí bá ń nira, bí ẹsẹ̀ bá ń wú, tàbí bí àyà bá ń dùn ún, kí ó má ṣe sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tó ti la jẹjẹrẹ já, kò yẹ kí àrùn ọkàn bá a lójijì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sétí àwọn tí kò lè kàwé nínú ẹgbẹ́ yín.