Nọ́ọ̀sì Mélòó Ló Máa Wà Níbẹ̀ Lóru?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ló ti wà ní Kánádà àti Ìlú Ọba báyìí, tí màmá tàbí bàbá wọn ṣì ń gbé ní Bódìjà tàbí Challenge. Tí ara àgbà bá wá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tí kò sì sẹ́ni nílé, wọ́n á ní kí àwọn wá ilé ìtọ́jú arúgbó. Owó oṣù àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè kan ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: nọ́ọ̀sì mélòó ló ń tọ́jú arúgbó mélòó?

Ẹ má fi ilé ìtọ́jú arúgbó pe ilé ìwòsàn o. Chief Tony Anenih Geriatric Centre, tí wọ́n ṣí ní University College Hospital (UCH), Ìbàdàn, ní 2012 fún àwọn tó ti pé 60 ọdún sókè, ilé ìwòsàn ni. Wọ́n á tọ́jú àgbà níbẹ̀, á sì padà sílé. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni ibi tí àgbà ń gbé, tó ń jẹ, tó ń sùn.

Òṣìṣẹ́ oríṣi méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Olùtọ́jú ló ń wẹ̀ fún àgbà, tó sì ń fún un lóúnjẹ. Nọ́ọ̀sì ló ń fún un lóògùn, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, tó sì máa ń tètè rí i pé àìsàn ti ń yọ́ bọ̀. Ìwé àṣẹ Nursing and Midwifery Council of Nigeria la fi ń mọ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe aṣọ funfun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní arúgbó 20 ló wà nílé kan, tí nọ́ọ̀sì kan àti olùtọ́jú kan ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Wákàtí 12 jẹ́ ìṣẹ́jú 720. Bí nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ jókòó rárá, ìṣẹ́jú 36 péré ló kan arúgbó kọ̀ọ̀kan di ilẹ̀ mọ́.

Nínú àwọn 20 yìí, ká ní àwọn mẹ́jọ ò lè dá yí ara padà. Bí ẹni bá pẹ́ lójú kan, egungun á tẹ ẹran ara mọ́ ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ ò ní í débẹ̀, ibẹ̀ á sì jẹrà. Ohun tí wọ́n ń pè ní bedsore nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní egbò ìdùbúlẹ̀. Ìdí àti gìgísẹ̀ ló sábà máa ń wà. Kó má bàa yọ, wọ́n sábà máa ń yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì. Tí ènìyàn kan bá gba òṣìṣẹ́ méjèèjì ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú 40 ni ẹni mẹ́jọ.

Láàárín ìṣẹ́jú 40 yẹn, ìtọ̀ ń gbọ̀n ìyá kan ní yàrá kejì. Ó pè, kò sẹ́ni tó jẹ́. Ó dìde fúnra rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ṣubú, egungun ìbàdí kán. Òṣìṣẹ́ ò hùwà burúkú. Ọwọ́ ni kò tó. Bí ẹni kan ṣoṣo bá ń bu àmàlà fún ogún oníbàárà ní ọ̀sán gangan, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, àwọn kan á jókòó pẹ́.

Ìwádìí gbè é lẹ́yìn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe é. Ní 2014, Linda Aiken àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí jáde nínú The Lancet, lórí àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù. Bí aláìsàn kan bá lé sí iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú, ewu ikú láàárín 30 ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i.

Ní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí arúgbó kọ̀ọ̀kan nílé ìtọ́jú máa rí wákàtí 3.48 ìtọ́jú gbà lójúmọ́, kí nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn tó ni ilé ìtọ́jú ní àwọn ò lè rí òṣìṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kan ní Texas sì fagi lé òfin náà ní 2025. Nílé wa níbí, àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ sókè òkun. Nítorí náà, iye tí ẹ bá lónìí lè dín kù lọ́la.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye nọ́ọ̀sì tó ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, lóru, àti lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn yín. Ẹ yà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Tí àgbà bá ti wọlé, kí ẹni yín kan máa yẹ gìgísẹ̀ àti ìdí rẹ̀ wò. Ilé tí kò bá lè sọ iye nọ́ọ̀sì rẹ̀ fún yín ní tààrà, ẹ má gbé àgbà yín síbẹ̀.