Kí Ni Ẹ̀rọ Ilé Mọ̀?

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Nítorí náà, n kò bá olùtajà jà pé ó ń yin ọjà rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀ wò ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ẹ̀rọ ilé mọ̀ àti ohun tí ìpolówó ní ó mọ̀.

Ní Ṣàrẹ́, tí í ṣe ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, mo rí ìkòkò ìrẹsì oníná kan tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ "ọlọ́gbọ́n" sí lára páálí rẹ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin tí ń tà á léèrè ohun tí ìkòkò náà gbọ́n sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí á bá a dáhùn. Ní 1955 ni ilé-iṣẹ́ Toshiba ti Japan gbé ìkòkò ìrẹsì tí ń dá iná ara rẹ̀ pa jáde. Àṣírí rẹ̀ kò ju èyí lọ: omi tí ń hó kì í gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 100 ti Celsius, bí omi bá gbẹ, ooru a ga sí i, irin tín-ínrín kan a tẹ̀, iná a sì já. Ẹ̀rọ náà mọ ooru. Kò mọ ìrẹsì.

N kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lotfi Zadeh ti Yunifásítì California ní Berkeley gbé ìṣirò kan jáde fún àwọn ohun tí kò ní ààlà pàtó, bí "ó dọ̀tí díẹ̀". Nígbà tí ó fi di 1990, a ti ń ta ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ń lò ó ní Japan: ìmọ́lẹ̀ a gba inú omi kọjá, ẹ̀rọ a wọn bí omi ti rú tó, a sì yan iye àkókò tí yóò fi fọṣọ. Èyí wúlò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni, kì í ṣe làákàyè.

Òfin Nàìjíríà ti 2018 lórí ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ka ẹ̀tàn nínú ìpolówó léèwọ̀. Ṣùgbọ́n oríkì ni "ọlọ́gbọ́n", kò sì rọrùn láti fi òfin mú oríkì. Ọwọ́ ẹni tí ń rajà ni iṣẹ́ kù sí. Kí ó béèrè pé: kí ni ẹ̀rọ yìí ń wọ̀n? Kí ni ó ń yí padà nítorí ìwọ̀n náà? Ǹjẹ́ èyí tí kò wọ́n tó o kì í ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú?

Mo ka ìwé ìlò ìkòkò méjèèjì nínú ìsọ̀ náà. Ooru nìkan ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n. Èyí tí kò ní oríkì ni mo rà.