Igbà kì í ṣe fún adẹ́mu nìkan: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lókè mọ̀ kó lè sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi ganganran má gùn-ún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Bóyá ni òwe yìí fi bá ẹnikẹ́ni mu tó ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà lókè: adẹ́mu, akọ́pẹ, bíríkìlà, kápẹ́ńtà tó ń kan páànù, akunlé tó ń kun ilé alájà mẹ́ta, àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun òpó gíga tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù rì mọ́lẹ̀ káàkiri láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti gbòde ní Nàìjíríà lọ́dún 2001. Àárọ̀ ni gbogbo wọn ń gùn lọ sókè. Ohun tí ìyàwó àti ọmọ ń retí ni pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ìgbèríko gbọ̀ngbọ̀n. Bí iṣẹ́ oko kò bá mówó wọlé mọ́, ọmọ á di ẹrù rẹ̀, ó di Èkó, ó di Ìbàdàn, níbi tí iṣẹ́ lébìrà ti tètè máa ń yá. Iṣẹ́ yìí kan náà ló lè dá a padà sílé pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ti ṣẹ́, tí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé á wá di ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó.

Ìmọ̀ tó wà nínú igbà

Kí bẹ́líìtì òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ní ohun èlò tiwọn. Igbà ni okùn líle tí adẹ́mu àti akọ́pẹ máa ń gbé yí igi ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara wọn ká. Wọn á fẹ̀yìn tì í, wọn á fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara ọ̀pẹ, wọn á sì máa sọ igbà náà sókè díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gùn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í gbé igbà kọ́ ọ̀pẹ láì kọ́kọ́ fi ojú àti ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ibì kan ti gbó, bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, tàbí bóyá ojú ìdè rẹ̀ ti ń tú. Igbà tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí, kò ní í gùn ún.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún gbogbo oníṣẹ́ òkè. Ṣùgbọ́n igbà náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tí ènìyàn ń fẹ̀yìn tì ni, kì í ṣe ohun tó lè gba ẹni tó ti já bọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì tẹ ara ọ̀pẹ, igbà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá já pẹ́nrẹ́n, kò sí nǹkan mìíràn láàárín ẹni náà àti ilẹ̀.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ lébìrà ń ṣe níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ nìyẹn. Wọ́n á so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n á ní ó parí. Bí ẹni tó so okùn mọ́ ìbàdí bá já, tí okùn náà sì mú un dúró lójijì, ikùn àti egungun ẹ̀yìn ni gbogbo agbára náà máa bọ́ sí. Ó lè ba ìfun jẹ́, ó sì lè ṣẹ́ ẹ̀yìn. Nítorí èyí ni òfin ilé kíkọ́ ní Amẹ́ríkà kò ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni lo bẹ́líìtì ìbàdí láti fi gba ẹni tó bá já mọ́, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1998.

Ìṣẹ́jú àáyá kan péré

Àwọn mìíràn máa ń sọ pé bí àwọn bá fẹ́ já, àwọn á tètè di nǹkan mú. Ìṣirò kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tó bá já láti òrùlé ilé alájà kan, tó tó mítà 6 sílẹ̀, kò ní í lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ kó tó dé ilẹ̀. Eré tí ara rẹ̀ ń bá bọ̀ nígbà náà á ti tó kìlómítà 39 ní wákàtí kan, bí ìgbà tí ọ̀kadà bá fi eré kọ lu ènìyàn. Ọwọ́ kò yá tó bẹ́ẹ̀.

Okùn, ìkọ́ àti ibi tí a so ó mọ́

Ohun èlò tó yẹ báyìí ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní harness, ìgbànú ààbò tó gba èjìká, àyà àti itan. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá já, itan, ìbàdí, àyà àti èjìká ni yóò jọ pín agbára náà gbé. Òrùka irin wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárín èjìká méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn kọ́. Lára okùn náà ni wọ́n ti ká aṣọ líle kan pọ̀, tí wọ́n sì rán an. Bí ènìyàn bá já, ojú rírán yìí á máa ya díẹ̀díẹ̀, kí okùn má baà fa ẹni náà gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ìgbànú tó dára jù lọ kò wúlò bí ibi tí wọ́n so ó mọ́ kò bá lágbára. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ibi tí òṣìṣẹ́ kan bá so okùn rẹ̀ mọ́ lè gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 2,268, èyí tó ju ìwúwo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan lọ. Igi ọparun tí wọ́n dè mọ́ ara ògiri láti máa gùn, páìpù omi, tàbí irin fèrèsé kò lè gba irú rẹ̀. Òpó kọnkéré tó ti gan tàbí irin ńlá tó gbé ilé ró ni kí wọ́n wá.

Gíga ibi tí wọ́n so okùn mọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé bá wọn ṣe ìṣirò yìí. Bí okùn bá gùn tó mítà 1.8, tí wọ́n sì so ó sí ibi tó bá èjìká dọ́gba, ẹni náà á kọ́kọ́ já ní mítà 1.8. Aṣọ tó ń ya lára okùn lè fi mítà 1.1 kún un. Ara rẹ̀ láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀ tún jẹ́ bíi mítà 1.5. Bí wọ́n bá fi àlàfo mítà kan sílẹ̀ nítorí àìmọ̀, gbogbo rẹ̀ di mítà 5.4. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà ní mítà 3 péré lókè lè wọ ìgbànú, kó so okùn, kó sì tún fara gbálẹ̀. Òkè orí ni kí wọ́n máa so okùn mọ́, kó sì kúrú.

Ní gbogbo òwúrọ̀, kí wọ́n yẹ okùn, ojú rírán àti ìkọ́ wò gẹ́gẹ́ bí adẹ́mu ti ń yẹ igbà wò. Oòrùn, ọ̀dà ìkunlé, epo bẹntiróòlù àti omi bátìrì máa ń ba okùn jẹ́. Èyí tó bá ti gba ẹni tó já rí, kí wọ́n má lò ó mọ́, kódà bó bá dà bíi tuntun.

Ẹ̀kọ́ láti orí afárá Golden Gate

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá Golden Gate ní ìlú San Francisco, láàárín ọdún 1933 sí 1937, wọ́n ta àwọ̀n ńlá sábẹ́ rẹ̀. Ènìyàn 19 já sínú àwọ̀n náà, wọ́n sì yè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 17, oṣù kejì, ọdún 1937, pẹpẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró lé já lu àwọ̀n yìí, ó fà á ya, ènìyàn 10 sì bá a lọ. Ara ènìyàn ni wọ́n ta àwọ̀n náà fún, kì í ṣe pẹpẹ irin.

Ìdí nìyí tí òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí iṣẹ́ òkè lọ́dún 2005 fi to ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ. Bí iṣẹ́ bá ṣeé ṣe láti ilẹ̀, kí wọ́n ṣe é láti ilẹ̀, bí akọ́pẹ tó fi dòjé sórí ọ̀pá gígùn gé ìdì ẹyìn lórí ọ̀pẹ kúkúrú. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi irin tàbí igi ṣe ìdènà sí etí ibi tí ènìyàn ti lè já. Ẹ̀yìn èyí ni okùn àti àwọ̀n tó kàn.

Bí ènìyàn bá já ńkọ́?

Ẹni tí okùn gbé rọ̀ kò tíì bọ́ nínú ewu. Bó bá rọ̀ síbẹ̀ láìmira, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó máa mi ẹsẹ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tètè gbé e sọ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣe é.

Ẹni tó bá já dé ilẹ̀, kí wọ́n má fà á dìde, kí wọ́n má da omi sí i lẹ́nu, kí wọ́n má sì gbé e jókòó sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Bí egungun ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́, ìgbéǹde yẹn ló lè sọ ọ́ di arọ. Kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó má yí, kí wọ́n rọra gbé e sórí pákó tó tẹ́jú, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ronú kan àwọn tó ń to eegun.

Ẹ̀tọ́ lébìrà

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò mọ̀ pé òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2010, kan ọmọ iṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n gbà fúngbà díẹ̀ náà, kódà bó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gbà á. Òfin yìí ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ àjọ NSITF. Òṣìṣẹ́ tó bá farapa, tàbí ìdílé ẹni tó bá kú, gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bàbá àti ìyá tó wà lábúlé kò lè gun òkè bá ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tún fi fóònù kí wọn láti ìlú ńlá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti béèrè àlàáfíà àti owó, ìbéèrè méjì kò pọ̀ jù láti fi kún un: Kí lo so mọ́ra bí o bá wà lókè? Kí lo sì so ó mọ́?