Ojú Tí Ó Mọ Ìwọ̀n Ara Rẹ̀: Bí Èròjà Àlùmíníọ̀mù Ṣe Ń So Mọ́ Awọ Ọ́kísáìdì

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni bí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣe ń fi awọ ọ́kísáìdì bo ojú nǹkan, tí awọ náà fi ń fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé átọ́ọ̀mù ni a fi ń wọn ìnípọn rẹ̀. Ẹni tí ó ń kun ògiri mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ó ń pinnu bí ọ̀dà yóò ti nípọn tó. Nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí, ojú tí a ń kùn fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ́kísáìdì àlùmíníọ̀mù ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ọ́kísáìdì kì í wà lásán. Ọ́síjìn tí ó gbé háídírójìn kan dání, èyí tí à ń kọ ní OH, a máa hù sí i lára bí koríko. Bí a bá fẹ́ oru tráímẹ́táìlì àlùmíníọ̀mù, Al(CH₃)₃, sí i, àlùmíníọ̀mù yóò di ọ́síjìn mú, háídírójìn yóò sì bá ẹ̀ka CH₃ kan lọ, àwọn méjèèjì yóò di afẹ́fẹ́ mẹ́ténì. Nígbà tí kò bá sí OH tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó mọ́, iṣẹ́ dópin, ìbáà jẹ́ pé a tún ń fẹ́ oru náà sí i. Bí àga bá ti kún, àlejò tí ó kù kò rí ibi jókòó.

Lẹ́yìn èyí, a ó lé oru tí ó ṣẹ́ kù jáde, a ó sì fẹ́ oru omi wọlé. Omi yóò mú CH₃ tí ó kù kúrò, yóò fi OH tuntun sí ipò wọn. Àga tún ṣí sílẹ̀. Ìyípo kan a máa fi nǹkan bí 0.1 nánómítà kún awọ náà; ọgọ́rùn-ún ìyípo yóò fún wa ní nǹkan bí 10.

Ní àwọn ọdún 1960, V. B. Aleskovskii àti S. I. Koltsov ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Leningrad, pẹ̀lú kílóráìdì títáníọ̀mù lórí sílíkà. Ní 1974, Tuomo Suntola dá tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní Finland.

Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba nínú kọ̀ǹpútà. Sílíkà inú tíránsísítọ̀ ti fẹ́lẹ́ dé nǹkan bí 1.2 nánómítà, iná sì ń jò gba inú rẹ̀ bí omi lára àmù tí ó sán. Ní 2007, Intel fi ọ́kísáìdì háfíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀: ó nípọn jù ú lọ, kò jò tó o, síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ọ̀nà ìyípo yìí ni a fi tẹ́ ẹ. Ibi tí ojú ti sọ pé ó tó ni agbára ìmọ̀ náà wà.